Ògiri Romania Tí Wọ́n Fọ̀ Mọ́ ní Ṣómólú

Wọ́n ti fọ àwòrán náà mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀ àbàwọ́n tí wọ́n pa rẹ́ yẹn gan-an ni àwòrán náà.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ tí àfihàn Ilinca yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ladi-Lak, ní Bariga. Ayàwòrán láti Romania ni Ilinca. Èmi, tí mo ti pẹ́ lẹ́nu ìròyìn iṣẹ́ ọnà, ni mo mú un lọ gba àwòrán tó tóbi jù tó ní kí wọ́n bá òun tẹ̀.

Ògiri kíláàsì kan ní ilẹ̀ wọn ló fi kámẹ́rà yà. Nígbà ìjọba kọ́múnístì, fọ́tò olórí wọn gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo kíláàsì. Nígbà tí ìjọba náà wó, wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n èéfín ààrò tí wọ́n fi ń lé òtútù ti mú kí ògiri dúdú yí i ká. Àyè funfun onígun mẹ́rin ló kù.

Ilinca sọ fún mi pé, “Àwa ayàwòrán ìsinsìnyí kì í tún ya olórí yẹn ká lè bú u. Ohun tí àwòrán rẹ̀ fi sílẹ̀ lójú wa là ń wá.”

Lékan, tó ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, fi tayọ̀tayọ̀ tẹ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ògiri ti di àwọ̀ kan ṣoṣo.

“Àǹtí, mo bá yín yọ ibi tó funfun yẹn. Mo rò pé omi ló bà á jẹ́.”

Àṣà àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ ni. Fọ́tò olóògbé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àbàwọ́n, ẹbí á ní wọ́n fi bàbá àwọn ṣẹ̀sín.

Ilinca ní, “Ohun tí ìjọba yẹn máa ń ṣe gan-an nìyí. Ẹni tí wọn ò bá fẹ́ mọ́, wọ́n á pa á rẹ́ nínú fọ́tò.”

“Ìjọba kẹ̀?” Lékan yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mi ò níná nílé látàná?”

A ní kó tẹ ti àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ yí padà: ó ti tọ́jú tuntun lé ti àkọ́kọ́ lórí nínú fláàṣì tí Ilinca fi kó fọ́tò náà wá, ti àkọ́kọ́ sì ti pa rẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó kù wà nínú kọ̀ǹpútà nílé Ilinca ní Romania, ó sì ti tilẹ̀kùn wá, kò sẹ́ni nílé. Kò sì lè tún un yà, torí wọ́n ti wó ilé ẹ̀kọ́ náà.

“Ta ló kọ́kọ́ gba fláàṣì yìí?” mo bi í.

Ní Ṣómólú, ọwọ́ púpọ̀ ni iṣẹ́ kan máa ń gbà kọjá: ẹni tó ń gbà á, ẹni tó ń tún un ṣe, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá Bàṣírà ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ní ìta. Mọ́ínmọ́ín ló ń jẹ nígbà tí a sáré jáde lọ bá a.

Ó ní, “Kò sí fláàṣì tí n kì í kọ́kọ́ da ohun inú rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ tèmi. Ṣé Lékan ni kí n fọkàn tán?”

Ó ṣí i. Àyè funfun náà wà níbẹ̀. Ilinca jókòó sórí páálí ìwé, ó mí kanlẹ̀.

Ìyá Bàṣírà ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Òyìnbó. Àbí ògiri lásán kọ́ nìyí?”

“Ògiri lásán ni, Mà,” Lékan dáhùn. “Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.”

Wọ́n tún un tẹ̀, a sì gbé e kọ́ ní gbọ̀ngàn kí àlejò àkọ́kọ́ tó wọlé. Lékan tẹ̀lé wa lọ, ó dúró tì í, ó ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má nù ún.

Ìyáàfin Adérónkẹ́, alábòójútó gbọ̀ngàn, sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé àfihàn náà á wà títí ìparí oṣù yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, fọ́tò àtijọ́ tí àwọn ará Bariga bá mú wá ló kàn.

Ó ní, “Àwọn kan ti gé ojú ọkọ wọn àtijọ́ kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó. Kí wọ́n mú un wá bẹ́ẹ̀. A ò ní bi wọ́n léèrè.”