Ìdọ̀bálẹ̀ Lójú Ajá

Bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀kadà lójú ọ̀nà wa báyìí, kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti dìde. Ojú mi á kọ́kọ́ wá ajá, á wá fèrèsé yàrá ìyàwó mi, lẹ́yìn náà ni n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹnu géètì. Ọdún yìí ni àṣà náà wọ̀ mí lára. Tẹ́lẹ̀, ìró ọ̀kadà kò ju ìró ọ̀kadà lọ létí mi.

Etí ìlú Ìlaròó la kọ́lé sí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ ti lọ tán. Èmi àti ìyá wọn ló kù, pẹ̀lú ajá kan tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ tọ́ láti kékeré. Àtọ̀gbẹ ń bá ìyàwó mi jà. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ní kó máa gbà láràárọ̀ kì í sábà sí nítòsí wa, ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Abẹ́òkúta ló ń bá wa rà á. Oògùn náà kò fẹ́ ooru rárá. Bó bá ti gbóná, ó bàjẹ́ nìyẹn, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Iná mànàmáná wa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà a kò lè kó púpọ̀ pamọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá. Ọmọ wa á tò ó sínú kúlà kékeré pẹ̀lú yìnyín, á fi rán awakọ̀ ní wébíìlì, ọlọ́kadà kan á gbà á ní gárèjì, á sì sáré gbé e wá bá wa kí yìnyín tó yọ́ tán.

Géńdé ọkùnrin kan ni ọlọ́kadà náà, baba ọmọ, ará Ifọ́nyìntẹ̀dó. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibodè ló ti dàgbà, ó máa ń pe yìnyín ní gìláàsì bí àwọn ará ìhà kejì tó ń sọ Faransé. "Bàbá, gìláàsì ò tíì yọ́ o!" Láti ìta ni yóò ti máa pariwo rẹ̀. Á pa ẹ̀rọ, á bọ́ akoto, á gbé kúlà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì nà gbalaja níwájú mi. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi ni o, àyà kan ilẹ̀, kì í ṣe ti àwọn ọmọ ìsìnyí tí wọ́n kàn ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́. Mo máa ń gbádùn rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn tó lè pe orúkọ rẹ̀ ń dín kù ládùúgbò, inú rẹ̀ á dùn bí ẹnìkan bá ṣì rántí pé àgbà ni òun. N óò ní, "Dìde, ọmọ mi. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á dọ̀bálẹ̀ fún ọ." Òun náà á gbọn eruku àyà rẹ̀ dànù, á ní, "Àmín, Bàbá. Èyí àgbà nínú wọn ti ń ṣagídí."

Ajá mọ̀ ọ́n. Á gbó lẹ́ẹ̀kan, á padà lọ sùn sábẹ́ fèrèsé ìyàwó mi. Kì í ṣe lásán ló fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ṣúgà ara ìyàwó mi já wálẹ̀ lójijì nígbà tí mo wà lẹ́yìnkùlé. Ajá yìí ló wá bá mi, tó ń hu, tó ń fà mí láṣọ, tó ń sáré lọ tó ń sáré bọ̀, títí mo fi ju àdá sílẹ̀ tí mo tẹ̀ lé e. Mo bá obìnrin náà lórí ilẹ̀, òógùn bò ó, kò lè pe orúkọ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ṣì lè gbé omi ṣúgà mì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ jáde nílé, ajá ni mo máa ń dágbére fún.

Nígbà tí máńgòrò so lọ́dún yìí ni nǹkan dàrú. Igi máńgòrò wa na ẹ̀ka sórí ògiri, àwọn ọmọ iléèwé tó ń lọ sílé á dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣa òkúta, wọ́n á máa sọ ọ́. Bí ajá bá yọ orí lábẹ́ géètì láti gbó wọn, òun náà á jẹ nínú òkúta. Mo bá etí rẹ̀ kan tó ya. Mo lé wọn títí ó sú mi. Wọ́n á sá dé ìkóríta, wọ́n á pa dà wá wò mí, wọ́n á ní, "Bàbá Alájá! Ajá yín ò mà lè gun igi!"

Ìgbà máńgòrò yìí náà ni ọlọ́kadà wa dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó pa ẹ̀rọ, ó bọ́ akoto, ó gbé kúlà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá," ó sì ń lọ sílẹ̀. Ajá gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi fò kọjá, ó sì fi eyín ki apá ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ "Yéè!" Mo fi ọ̀pá lu ajá lẹ́yìn kó tó tú u sílẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sínú eruku, ó di apá rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo ṣe é? Kí ni mo ṣe ajá yín?"

Lóòótọ́, ajá wa ti gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún nítorí dìgbòlugi, àmọ́ mo mú ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fún òun náà ní tirẹ̀. Níbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ti ń fọ ojú ọgbẹ́, ọkàn mi pín sí méjì. Ìdajì wà lára apá ọkùnrin náà, ìdajì wà nílé lọ́dọ̀ obìnrin tí mo fi sílẹ̀ pẹ̀lú ajá tí n kò mọ ohun tó dé bá mọ́.

Kó tó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ràn Màmá. Ṣùgbọ́n apá yìí ni mo fi ń jẹun. N kò lè wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé ìta kí n tó délé. Aládùúgbò wa kan, awakọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì ní Ìbèsè, wá kí mi nírọ̀lẹ́. Ó yẹ ajá wò láti orí dé ìrù, bí ẹni tó ń yẹ táyà wò.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un lọ. Ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò, kò ṣeé bá gbé."

"Níbo lo fẹ́ mú un lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àwa tí à ń fi irin jẹun, a kì í ṣaláìnílò ajá."

Mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ Ògún ni. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ẹni tó bá ní kí òun ro irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti gbà á díẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ìyẹn sì ń dẹ́rù bà mí. Bí ajá bá lọ, ta ni yóò wá pè mí lẹ́yìnkùlé? Bí ajá bá sì dúró, ta ni yóò gbé oògùn wá?

Nígbà tí oògùn tún dé gárèjì, mo so ajá mọ́ ìdí igi máńgòrò, mo sì bẹ ọlọ́kadà mìíràn. Ó dé, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Kò tilẹ̀ kí mi. Àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé kúlà sí lórí ọ̀kadà, bó sì ti tẹ̀ ba láti gbé e, ajá yọ orí nínú ìdè ọrùn rẹ̀ bí ẹni bọ́ fìlà. Ọkùnrin náà kígbe, ó ju kúlà sókè, ó fi ọ̀kadà sá. Mo tẹ́wọ́ gbà á, ọwọ́ mi kò bá a. Ìgò oògùn fọ́ sórí kọnkéré. Yìnyín tú ká, ajá sì ń lá a.

Èyí tó kù nínú ilé kò lè tó wa lò dé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo wọlé lọ sọ fún ìyàwó mi. Ó jókòó lójú fèrèsé rẹ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ò ṣàkíyèsí ajá yẹn ni?"

"Kí ni kí n ṣàkíyèsí? Wèrè ń dà á láàmú."

"Kò ya wèrè. Ẹni tó bá tẹ̀ ba ló ń bá jà. Níbí ni mo ń jókòó sí, Bàbá, mo ń rí wọn. Bí àwọn ọmọ yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òkúta ló ń tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tó bá ti lọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì wa, òkúta ni ajá gbà pé ó lọ mú. Ẹ dẹ̀ ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa nà gbalaja síwájú rẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo ní kó dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ sọ fún un kó má dọ̀bálẹ̀ rí?"

Akólẹ́tà kan ló wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, òun ló ń mú lẹ́tà mi lọ fún bàbá mi ní Ayétòrò, lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Ajá ọdẹ bàbá mi kórìíra gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí bá dé, á kàn máa gbọ́ òórùn táyà rẹ̀ ni. Akólẹ́tà kì í sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Á fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, á na lẹ́tà sí bàbá mi, á kí i láti òkè. Bàbá mi á ní iṣẹ́ ìjọba ti gan ẹ̀yìn rẹ̀, pé kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ènìyàn ní oríkèé. Nígbà ìsinmi, àwa ọmọ iléèwé gíga náà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti kú. N kò lè bi í mọ́ bóyá ìgbéraga ni, tàbí nítorí ajá ni.

Ọmọ wa ní òun á rán oògùn mìíràn, mo sì lọ sí gárèjì lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọlọ́kadà jókòó sábẹ́ òrùlé páànù. Bí wọ́n ti rí mi, ọ̀kan ní, "Bàbá Alájá dé o! Ẹ wo ẹ̀yìn wọn bóyá ó tẹ̀ lé wọn!" Òmíràn ní, "Bàbá, ẹ rán ajá náà wá kó wá gba ẹrù yín fúnra rẹ̀. A ò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá.

Ọkùnrin Ifọ́nyìntẹ̀dó wà níbẹ̀, aṣọ funfun tí nọ́ọ̀sì fi di ọgbẹ́ ṣì wà lápá rẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ ohun tí ìyàwó mi rí fún un. Mo ní, "Má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́. Nàró kí mi. Gbé kúlà sáyà láti ibí, má gbé e sílẹ̀ rárá."

Ó wò mí bíi pé mo ní kó gbá mi létí.

"Kí n nàró gbagidi kí n kí Bàbá? Bí ẹni tó ń kí ẹgbẹ́ mi? Bàbá, bí ìyá mi bá gbọ́ ńkọ́?"

Alága wọn ti gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ bá wa ba ọmọ jẹ́ ni? Lónìí ẹ ní kó nàró kí yín, lọ́la á fọwọ́ sápò kí mi."

Mo ní, "Oògùn ìyàwó mi kù díẹ̀ kó tán." Ẹ̀rín wọn dá.

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan aṣọ funfun apá rẹ̀. Ó padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ páànù.

Abẹ́rẹ́ àárọ̀ tó kẹ́yìn ni ìyàwó mi gbà lọ́jọ́ tí fóònù mi dún. "Bàbá, mo ti ń bọ̀. Ẹ dúró ti ajá yín o." Mo ṣí géètì, mo dúró. Ajá dìde lábẹ́ fèrèsé, ó wá dúró tì mí, ìrun ọrùn rẹ̀ nà. Mo fi okùn dè é, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá fà mí, èmi ni n óò ṣubú.

Ó dé. Ó pa ẹ̀rọ, ó bọ́ akoto. Kúlà wà láyà rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó wọlé, ó rí mi, orúnkún rẹ̀ sì ti ń yẹ̀. Àṣà ló ń fà á lọ sílẹ̀, kì í ṣe òun. Ajá kùn. Okùn le lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, dúró!" Ìyàwó mi ló ké láti ojú fèrèsé.

Ó nàró. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wò mí lójú, ohun tí kò ṣe rí, ó sì ní, "Ẹ káàsán, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹni tó ń jẹ́wọ́. Mo ní, "Káàsán, ọmọ mi." Ajá gbọ́ òórùn bàtà rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ṣòkòtò rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di kúlà mú lókè, ó sì jókòó.

Mo gba kúlà. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi jáde. Mo ti géètì pa mọ́ ajá, mo yọjú lókè ògiri láti dúpẹ́. Ó ti ti ọ̀kadà rẹ̀ kọjá sódì kejì títì, lẹ́yìn ògiri tí wọn kò tíì kọ́ parí, níbi tí ajá kò ti lè rí i. Ó bọ́ akoto tó ti dé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì nà gbalaja sórí koríko, àyà kan ilẹ̀, ó kọjú sílé wa.

Mo gbé ọwọ́ kan sókè sí i. Mo fẹ́ kí n dúró wò ó títí yóò fi dìde, ṣùgbọ́n omi tútù ti ń kán láti ìdí kúlà sórí ẹsẹ̀ mi. Mo yára wọlé.