Baba Dáwọ́dúró, Awakọ̀ Tí Ń Fomi Gbẹ́lẹ̀

Ọjọ́ tí ọkọ̀ Baba Dáwọ́dúró gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà mì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìgboro máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà tí wọ́n bá ń rántí rẹ̀. Páìpù omi kan bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹjọ́, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wọn sì wá bá àwọn aráàdúgbò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà ló kọ. Ó ní kí ẹ̀rọ ọkọ̀ Baba máa ṣiṣẹ́ lọ kí àwọn èèyàn lè rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Baba Dáwọ́dúró bẹ̀ ẹ́ pé kó sún kúrò nídìí ọ̀pá tó ń fa ẹrẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹ́wọ́ sí i pé òun ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bó ṣe ní kóun ṣí ojú ewé kejì, fùú, ọ̀pá ti fa gbogbo rẹ̀ wọlé. Baba pa ẹ̀rọ, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Inú táǹkì ni wọ́n wà, àmọ́ wọ́n á ti rin díẹ̀.” Àwọn aráàdúgbò pàtẹ́wọ́. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí ni.

Táǹkì méjì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Omi á tú jáde láti inú èkíní tagbára-tagbára, á sọ iyẹ̀pẹ̀ di ẹrẹ̀, ọ̀pá ńlá á sì fa ẹrẹ̀ náà sínú èkejì. Páìpù tàbí wáyà tó wà nísàlẹ̀ á yọjú láìsí pé irin kankan kàn án. Ọdún méjìlélógún ni Baba fi wa ọkọ̀ yìí. Tó bá ti rí ẹni tó gbé díágà sókè, “Dáwọ́ dúró ná” ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá.

Nílé pàápàá, kò yàtọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀ kó lè fi kàlẹ́ńdà kọ́. Baba ní kó dáwọ́ dúró ná, kóun kọ́kọ́ wádìí ibi tí wáyà iná gbà kọjá. Ó ń wádìí ni, orí àga ni kàlẹ́ńdà náà wà tí ọdún fi parí.

Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣàwàdà. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé-ìwé àwọn ọmọ kékeré. Fọ́máànù ní iṣẹ́ omi ti falẹ̀ jù, ó ní kí katakata wá. Baba gbé fúláàsì tíì rẹ̀, ó lọ jókòó sórí ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ gan-an.

Awakọ̀ katakata bẹ̀ ẹ́. “Baba, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé tí wọ́n ya àwòrán páìpù ìlú sí ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Ìwé àwòrán náà ti wọ abẹ́ ilẹ̀ rí?”

Fọ́máànù fún un ní ogún ìṣẹ́jú, Baba ní wákàtí méjì lòun máa fi fomi gbẹ́ ẹ. Wọ́n ṣe é títí, wọ́n fẹnu kò sí wákàtí kan. Ó lo mẹ́ta.

Ní wákàtí kẹta, páìpù gáàsì yọjú nínú ẹrẹ̀, kò jìn ju orúnkún lọ. Àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́yìn ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́ ohùn wọn kedere. Awakọ̀ katakata sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Baba bu tíì fún un.

Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló dá Baba wólẹ̀. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń wá iṣan tó máa gún lápá rẹ̀, Baba ní, “Dáwọ́ dúró ná, ọmọ mi. Ṣé o ti mọ ibi tó gbà kọjá?” Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú.

Nígbà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ wá bá ìyàwó rẹ̀ kẹ́dùn, ó sọ ohun tí wọn kò gbọ́ rí. Nígbà tí Baba wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbẹ́ gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n gba díágà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó lọ mumi, kó sinmi díẹ̀. Wáyà iná wà nísàlẹ̀. Kó tó mumi tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú.

Awakọ̀ katakata bi í pé kí ló dé tí Baba kò fi sọ fún wọn láti ọdún yìí wá.

“Ó ní tóun bá sọ ọ́,” ni obìnrin náà wí, “ẹ ò ní lè fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.”

Nígbà tó yá, ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́. Òun kò wọ ọkọ̀ náà rí, torí Baba ní òfin iṣẹ́ kò gbà á. Wọ́n mú un lọ sí ọgbà ọkọ̀, wọ́n gbé e sórí àga awakọ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó wo iwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀. Fọ́máànù fẹ́ bá a sún àga síwájú.

Obìnrin náà ní kó má wulẹ̀ sún un. Kó jẹ́ kó wà níbi tí ọkọ òun fi í sí.