Kí Ni Ọmọ Mi Ń Mu?

Nígbà tí mo já ọmọ mi ọkùnrin lẹ́nu ọmú, ẹkún rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Kò sunkún tó bí mo ṣe rò. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé gbogbo àdúgbò ni yóò máa sọ fún mi ohun tó yẹ kó máa mu.

Ìsẹ́yìn ni à ń gbé, nínú agbo ilé àwọn ọkọ mi. Bàbá ọkọ mi ń hun aṣọ òfì lábẹ́ àtíbàbà páànù kan ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi ń ránṣọ ní sọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá gáréèjì, ìyá ọkọ mi ló sì máa ń bá mi mójú tó ọmọ.

Obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wa ló kọ́kọ́ mú páálí ohun mímu kan jáde. Wọ́n ya ọsàn tí wọ́n là sí méjì sí i lára, omi ń kán tótó lára ọsàn náà.

"Ìyá ọmọ, ọsàn gidi ni o! Gbogbo ìyá tó lajú ló ń ra èyí."

Mo yí páálí náà padà, mo kà á. Omi ló ṣíwájú, ṣúgà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò lè pè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó kẹ́yìn ni ọsàn wà, bí àlejò tí kò ríbi jókòó. Mo dá a padà fún un. Ó wò mí bí ẹni tó rí ahun.

Nígbà tí mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, mo bi nọ́ọ̀sì léèrè.

"Omi àti wàrà," ló wí. "Omi tó mọ́, wàrà tí ẹ kò fi ṣúgà sí. Bó bá fẹ́ ọsàn, ẹ bó ọsàn fún un kó jẹ ẹ́."

"Ohun ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́?"

"Ẹ má gbé e wọlé rárá."

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn létí, àmọ́ wàrà wo? Mo mú mílíìkì oníyẹ̀fun kan nínú ọ̀rá, mo kà á, mo bá òróró níbẹ̀. Kí ni òróró ń wá nínú mílíìkì? Mo gbé e sílẹ̀, mo dúró de obìnrin Fúlàní tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá láàárọ̀ tòun ti igbá wàrà lórí. Òun náà, mo fura sí i.

"Ṣé ẹ kò bu omi là á?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò, n kò mọ ìyàtọ̀. Mo ṣáà rà á, mo gbé e kaná títí ó fi hó dáadáa, nítorí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé wàrà tí a kò sè lè kó àìsàn bá ọmọ. Nígbà tó tutù, mo dà á sínú ife. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sọ "bísímílà" rẹ̀ tí kò tíì dá ṣáká, ó mu ún, ó fi ahọ́n lá ètè. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìyá ọkọ mi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ kí n máa po omi ṣúgà fún ọmọ náà.

"Omi ṣúgà la fi tọ́ ọkọ rẹ. Àbí kò dàgbà?"

"Ó dàgbà, mà," ni mo dáhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ wọn.

Nígbà tó ṣe, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ife wàrà dànù. Bí mo bá bu omi fún un, á fi ọwọ́ gbá a. Oúnjẹ pàápàá, á jẹ díẹ̀, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ kan tí mo dé láti sọ́ọ̀bù, ó ya ẹnu láti kí mi, mo rí ahọ́n rẹ̀. Ó pupa ju bí ahọ́n ṣe yẹ kó pupa lọ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí mu lónìí?" ni mo bi ìyá ọkọ mi.

"Omi ni. Kí ni ì bá tún mu? Ṣebí o ti fòfin de gbogbo ilé."

N kò gbà á gbọ́. Mo gbóòórùn ife ọmọ náà. Mo wo ẹ̀yìn ìkòkò omi. Nígbà tí màámi jáde lọ kírun, mo wọ yàrá wọn, mo ká ẹní wọn sókè, mo wo abẹ́ ibùsùn. Bàtà àti tẹ̀sùbáà kan ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé arúgbó mọ ibi tí wọ́n ń kó nǹkan pa mọ́ sí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti ilẹ̀kùn sọ́ọ̀bù kó tó di alásárì. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo bọ́ bàtà kí wọ́n má baà gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Màámi jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Ohùn bàbá ni mo gbọ́ láti abẹ́ àtíbàbà. "Ó tó o. Ìdérí kan péré ni tìrẹ."

Mo yọjú. Ọmọ mi jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ó na ọrùn bí ọmọ ẹyẹ. Bàbá mú ìgò ohun mímu pupa kan dání, wọ́n ń dà á sínú ìdérí rẹ̀ fún un. Wọn kò tilẹ̀ fi í pa mọ́.

"Bàbá!"

"Ìyàwó, kú iṣẹ́. Ọmọ yìí ì bá ti fa gbogbo òwú mi já. Bí mo bá ti fún un ní ìdérí kan, á fara balẹ̀. Èso náà ni, wọ́n ya èso sí i lára."

Mo sáré gba ìdérí lọ́wọ́ wọn, ọmọ náà dì í mú, ó figbe ta. Ohun tó kù nínú rẹ̀ bá dà sórí òwú funfun tí bàbá ta sórí òfì, aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ti ń hun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ọmọ ń sunkún.

Bàbá ní kí n bu omi àti ọṣẹ wá. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ òwú náà, wọ́n fún un, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Pupa náà kò kúrò. Wọ́n gbé ìgò náà sókè sí oòrùn.

"Àwọ̀ tó mú òwú báyìí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún mi."

Mo kà á: omi, ṣúgà, àwọ̀, òórùn èso.

"Èso fúnra rẹ̀ dà?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Òórùn rẹ̀ nìkan ni."

Wọn kò bá mi wí nítorí òwú tó bà jẹ́. Wọ́n fà á yọ, wọ́n ń wo ikùn ọmọ náà bí ẹni pé wọ́n lè rí inú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni màámi ti wá bá wa. Wọ́n wo ìgò, wọ́n wo bàbá, wọ́n wá wo èmi.

"Èmi lo rò pé ó ń fún un, àbí?"

Mo gbé ìgò náà sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o ká ẹní mi. Ìwọ ni o kò mọ bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, bí mo bá ti dé láti sọ́ọ̀bù, kí n tó béèrè nǹkan kan, wọ́n á ya ẹnu ọmọ náà fún mi. "Wò ó, ìyàwó. Wò ó dáadáa." Ojú á tì mí, síbẹ̀ mo máa ń wò ó.

Ọmọ náà bínú sí wa fún ọjọ́ mélòó kan. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi níwájú rẹ̀, wọ́n á gbé ife sókè, wọ́n á ṣe "áà!" títí ọmọ náà fi fẹ́ ṣe bíi tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni omi tún ṣe di nǹkan tó ń béèrè fún. Ìgbà tó yá, ó padà sí wàrà. Bàbá wá di olùfura jù mí lọ. Wọ́n á gbóòórùn wàrà láàárọ̀, wọ́n á bi mí bóyá mo sè é, bóyá mo mọ màlúù tó ti wá. Wọ́n ṣì ń mu ohun pupa wọn o. Ìta ni wọ́n ti ń lọ mu ún, wọ́n á sì fi ọwọ́ nu ẹnu kí wọ́n tó wọlé.

Ọmọ mi yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi láìpẹ́. Mo lọ bi olùkọ́ wọn léèrè ohun tí àwọn ọmọ máa ń mu níbẹ̀.

"Omi ni, mà," ló dá mi lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, mo rọra wo inú garawa ìdalẹ̀nù tó wà lẹ́nu ọ̀nà.