Ìgbọ̀nwọ́ tó Wọn Ilẹ̀kùn

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí bàbá káfíńtà gbé ilẹ̀kùn dé ṣọ́ọ̀bù ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Bàbá wo ilẹ̀kùn, ó wo ògiri, ó ní: "Ta ló fa ilé yìí wálẹ̀?"

Aránṣọ lọmọ náà, ọ̀la ló sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, ṣé ẹ lo téèpù?"

"Téèpù kẹ̀?"

Láti ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka àárín ni bàbá fi ń wọn pákó, kò sì ṣì í rí. Àwọn aláìgbàgbọ́ a gbé téèpù wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n a sì rọra ká a padà sápò.

Ọmọ bá ká apá aṣọ bàbá sókè. Ìgbọ̀nwọ́ ti wú bí ẹyin! "Háà! Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kó tó wú, ẹ wá wọn pákó, ẹ wọn wíwú mọ́ ọn. Ṣé ilé ò ní kéré?"

Ó fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní fífi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ló jẹ́ kí omi kó síbẹ̀. Ó wá tẹ egungun ẹ̀gbẹ́ òde. Bàbá fò sókè: "Ìgbà wo lẹ kan ìṣó síbẹ̀?"

"Òòlù yín ló kàn án, bàbá. Iṣan ibẹ̀ ò rí ìsinmi. Ṣé ọwọ́ yín ń di nǹkan mú dáadáa?"

"Dáadáa ni."

"Dókítà, ife já bọ́ lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, wọ́n ní ife ló ń tòògbé. Ìka wọn tó kéré jù sì máa ń kú."

Dókítà ní kí bàbá sinmi. Ọmọ gbé òòlù pamọ́, bàbá wá a títí. "Òun náà lọ rí dókítà," lọmọ wí.

Aṣọ ni ọmọ fi dí ẹnu ọ̀nà tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wíwú fò, bàbá tún na apá, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ òsì fa ayùn. Ilẹ̀kùn wọlé wẹ́rẹ́. Kò há, kò fì; afẹ́fẹ́ pàápàá ní láti tọrọ àyè kó tó kọjá.

Bàbá ti lọ báyìí. Pákó pẹlẹbẹ tó gé kúrò lára ilẹ̀kùn ni aránṣọ fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bó bá ń gé e. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó jẹ́, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá fọwọ́ pa á lára jẹ́jẹ́.

"Ìrora tí bàbá mi àgbà fi pamọ́ fún wa ni. Bó ṣe gùn tó nìyẹn."