Àga Kejì Nínú Kílíníìkì

Lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ará Àkókó ló kọ́kọ́ jó nínú kílíníìkì wa, kì í ṣe èmi ọmọ Èkìtì. Ọjọ́ ìsinmi ni, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé a ò ní ẹlòmíràn tí yóò dúró fún wa. Mo ń fi òwú nu apá ọmọ kan tí mo fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ nígbà tí ariwo sọ láti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì kejì mi ti ṣí fìlà kúrò lórí, ó ń fì í lókè, ó ń jó yí bẹ́ẹ̀dì ká.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti gba ìpínlẹ̀ yín o! Ẹ dìde, ẹ jó!"

Mo dìde, mo jó. Ọmọ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ bá wa jó, ó gbàgbé pé ibà ń ṣe òun. Kò sí ẹni tó rò ó nínú wa pé ìpínlẹ̀ tí à ń jó sí yìí ló máa yà wá. Bí mo bá rántí ijó yẹn báyìí, ó máa ń dùn mí bíi pé mo jó lójú òkú.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni ibi iṣẹ́ wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ ni èmi ń gbé, láràárọ̀ ni mo sì ń fún ara mi mọ́ èrò nínú takisí lọ síbẹ̀. Kílíníìkì wa ò ju yàrá méjì lọ. Inú èkíní la ti ń rí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tábìlì kan àti àga méjì ló wà níbẹ̀. Inú èkejì ni bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà. Dókítà kan ń wá láti Adó ní Ọjọ́bọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá gbà fún un. Ìyá àgbà kan ń gbálẹ̀, ó ń se omi, ó sì ń bá àwọn ọmọ tí síkẹ́ẹ̀tì wọn kúrú wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbà á síṣẹ́ ìyẹn. Èmi ni wọ́n ń pè ní Mátírọ̀n. Nọ́ọ̀sì kejì yẹn, ará Àkókó, ni wọ́n ń pè ní Sístà. Kò sí ẹlòmíràn mọ́.

Èmi le. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìdánwò bá ti ku ọ̀la, ẹ ó rí àwọn géńdé ọkùnrin tí wọ́n á máa dì mọ́ ikùn, tí wọ́n á máa kérora bí aláboyún, kí n lè bá wọn kọ ìwé pé ara wọn ò yá. Mo mọ ojú aláìsàn, mo sì mọ ojú ẹni tí kò kàwé. Mo máa ń fún irú wọn ní oògùn tó korò jù lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, màá dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé e mì. Kílíníìkì tí kò ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ gba ìgbàkugbà, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ bẹ̀rù mi, mo sì gbádùn rẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀. Ọmọbìnrin á wọlé, á wo ilẹ̀, á ní, "Orí ló ń fọ́ mi, mà." Orí! Gbogbo ohun tó lè ṣe ọmọbìnrin láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, orí ni wọ́n ń pè é níwájú mi. Ìgbà tó yá, mo kọ́gbọ́n. Bí mo bá ti gbọ́ orí fífọ́, tí mo rí i pé ọmọ náà ò wojú mi, màá dìde, màá ní mo fẹ́ lọ wo bóyá omi ti hó. Sístà á sún àga tirẹ̀ mọ́ ọmọ náà. Kò ní bi í ní nǹkan kan. Á mú báńdéèjì, á máa ká a. Bó bá ká a tán, á tú u, á tún bẹ̀rẹ̀. Kó tó ká ẹlẹ́ẹ̀kejì dé ìdí, ọmọ náà á ti máa sọ̀rọ̀. Èmi àti ìyá àgbà á wà lẹ́yìn ilé nídìí sítóòfù, a ó máa wo omi tó ti hó látìgbà pípẹ́.

A ò jókòó ṣètò rẹ̀ rí. Ó kàn di bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tí òun náà ní orí ló ń fọ́ òun sọ fún Sístà pé ẹnì kan ti bá òun ṣẹ́ oyún nílé kan, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà ní ọsibítù ní Adó. Ọmọ yẹn yè é. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ló bá níbẹ̀, oògùn orí ni ì bá gbà lọ, yàrá rẹ̀ ni wọn ì bá sì ti lọ gbé òkú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ pínpín òṣìṣẹ́ ìjọba láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì dé. Wọ́n ní kí ará Oǹdó gba Oǹdó lọ, kí ará Èkìtì máa bọ̀ wálé. Àkókó sì wà lábẹ́ Oǹdó. Mo lọ bá ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní bí wọ́n bá mú Sístà, ìdajì kílíníìkì ni wọ́n mú.

Ó ní, "Mátírọ̀n, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀."

Mo ní, "Ìgbà wo, sà?"

Ó gbójú sókè wo fáànù. Ènìyàn dáadáa ni, kò fẹ́ purọ́ fún mi.

Èmi ni mo wá rántí Emùré. Ọmọ Emùré ni ìyá Sístà, kó tó di pé ó fẹ́ ọkọ lọ sí Àkókó tó sì kú síbẹ̀. Bí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ bá tẹ̀ lé e lọ sí káńsù, tí wọ́n bá a gba ìwé ọmọ ìlú, Sístà ti di ọmọ Èkìtì nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń ṣe é nígbà náà, àwọn tó fẹ́ lọ àti àwọn tí kò fẹ́ lọ. Sístà ní òun á rò ó. Mi ò jẹ́ kó rò ó pẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, a ti ìlẹ̀kùn kílíníìkì ní ọ̀sán, a wọ ọkọ̀ lọ sí Emùré.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló gbà wá lálejò, bàbá arúgbó kan tí ara rẹ̀ ṣì le. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa.

"Ẹ wọ ulé, ẹ wọ ulé! Uṣu ti wà lórí iná. Ulé yèyé rẹ rè é, ta ló ní kì í ṣe ulé rẹ?"

A jẹ iyán, a sọ ohun tó gbé wa wá. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra òun á mú un lọ sí káńsù, òun á sì fi ọwọ́ òun tẹ̀ka. Ara mi balẹ̀. Mo ti ń wo ọ̀nà ilé.

Sístà ló béèrè pé, "Bàbá, orúkọ ta ni wọ́n á kọ síbi orúkọ bàbá mi?"

"Orúkọ ulé yìí ni. Orúkọ bàbá tó bí èmi àti yèyé rẹ."

"Bàbá mi ńkọ́, sà?"

Bàbá náà fi omi ṣanwọ́. Ó ní, "Kò sí ẹni tó máa sọ fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀ kó tó dúpẹ́, kó tó kúnlẹ̀, kí a tó jáde. Inú ọkọ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Ó ní nígbà tí òun parí ìwé mẹ́wàá, àwọn ẹbí bàbá òun ní kí wọ́n fi òun fọ́kọ. Bàbá òun kọ̀. Bàbá náà ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ kí wọ́n máa fi orúkọ òun pe nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Àǹtí, ohun kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mi ò lè wá sí káńsù Emùré wá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Inú bí mi. Mo ní ṣé nítorí orúkọ lásán ló fẹ́ fi àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀? Ó ní, "Kì í ṣe lásán, Àǹtí." Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ìsẹ̀. Mo fojú líle wò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà àánú ara wa ṣe wá, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà pa pọ̀. Lónìí, mo mọ̀ pé òun ló tọ̀nà. Ó dùn mí pé ó tọ̀nà, nítorí pé ká ní kò tọ̀nà ni, kì bá tí lọ.

Ọjọ́ tó máa lọ, a ti jọ ṣe àdéhùn pé ní ọ̀sán, màá bá a ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ níbi tó ti máa wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Mo ti ra àǹkárá fún un, ó wà nínú báàgì mi. Mo ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí ìyá àgbà ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Mátírọ̀n, ẹ má lọ ulé o! Wọ́n ń gbé ẹnì kan bọ̀!"

Ọmọkùnrin kan ni, ikọ́ fée ti gbé e, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Dókítà ò sí, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ìyá àgbà ò lè gún abẹ́rẹ́. Ẹni tí mo lè fi ọmọ náà sílẹ̀ fún kí n sáré lọ sin ẹni tó ń lọ, òun gan-an lẹni tó ń lọ. Mo gún un lábẹ́rẹ́, mo gbé e jókòó, mo dì í mú, mo ń bá a ka èémí. Ó pẹ́ kí àyà rẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé gáréèjì, oòrùn ti ń wọ̀.

Obìnrin tó ń ta ọsàn níbẹ̀ wo aṣọ funfun ọrùn mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Mátírọ̀n, àbí? Ó jókòó pẹ́ níbí o. Wọ́n ń pe èrò Àkúrẹ́, ó ń ní kí àwọn ẹlòmíràn máa wọlé. Ó ní bẹ́ ẹ bá dé, kí n sọ fún yín pé òun mọ̀ pé aláìsàn ló dé. Ó ní ẹ ò tíì jẹun." Ó na ọsàn tó ti bó sí mi. Sístà ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀.

Mo dúró láàárín gáréèjì, mo mu ọsàn, mo sì sunkún, àwọn ọlọ́kadà ń wò mí. A ò tún fojú kan ara wa mọ́. Mo gbọ́ pé ọ̀nà Òkìtìpupa ni wọ́n gbé e lọ, ó jìnnà sí bàbá tó tìtorí ẹ̀ lọ ju bí ọ̀dọ̀ wa ti jìnnà sí i lọ.

Ẹni tí wọ́n ní á rọ́pò rẹ̀ ò dé. Àga rẹ̀ wà níbi tó wà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọmọbìnrin kan wọlé, ó wo ilẹ̀, ó ní orí ló ń fọ́ òun. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo bóyá omi ti hó. Mo dé ẹ̀yìn ilé. Ìyá àgbà gbójú sókè láti ìdí sítóòfù.

Ó ní, "Mátírọ̀n, ta lẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ fún?"

Mo padà wọlé. Mo jókòó sórí àga Sístà, mo sún un mọ́ ọmọ náà. Mo mú báńdéèjì, mo ká a, mo tú u, mo tún un ká. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ má bínú, mà, ṣé kò sí Panadóòlù ni?"

Mo fún un. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gba inú òjò lọ. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é títí di òní.