Ọ̀rá Tó Ń Jẹrà

Mo rántí òórùn ọ̀rá tó ń jó. Bí a bá ti ká tòmátì tán lóko ìdílé wa ní Kọ́bapẹ́, a ó ṣí ọ̀rá dúdú tí a fi bo ilẹ̀ kí koríko má baà hù, a ó kó o jọ, a ó dáná sun ún. Èyí tó bá já kù sínú ilẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Ọdún dé, ọdún lọ, ọkọ́ mi kò lè wọlẹ̀ kó má fa àkísà ọ̀rá jáde.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gíga nígbà náà, ẹnu mi sì gùn ju ọkọ́ mi lọ. Mo ní ọ̀rá kan wà tí wọ́n fi sítáàṣì àgbàdo ṣe, tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni yóò jẹrà sí bó bá ti ṣiṣẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ilẹ̀ ìdílé wà níkàáwọ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rá tó ń jẹrà? Ṣé ọ̀rá ni, àbí ẹ̀kọ?"

Ojú tì mí lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo lò ó. Ìwàǹwára mi ló fà á: mo ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko kí n tó gbin nǹkan kan. Oòrùn àti òjò ti ya á jálajàla kí tòmátì tó tanná, koríko sì gba oko.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró lórí ebè. "Ìwé kì í ro oko. Ọ̀rá dúdú lo máa lò lọ́dún tó ń bọ̀, àbí kí o fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò ní sin ọ̀rá yẹn sínú ilẹ̀ yìí mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba ilẹ̀ náà, ẹ gbà á."

Ó gbà á.

Opó kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké ló fún mi ní igun kan nínú oko tirẹ̀, ilẹ̀ tó ti ṣá, tí ọ̀rá kún inú rẹ̀. Èmi àti ìyá mi fi ọwọ́ ṣa á fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń kọjá a máa bi wá bóyá wúrà la ń wá.

Ìyá mi a dáhùn pé, "Ilẹ̀ la ń wá."

Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ tí mo tẹ́ ọ̀rá náà gan-an ni mo gbìn. Ó dúró títí tòmátì fi pọ́n. Nígbà tó yá, tí òjò ti rọ̀ dáadáa, mo gbẹ́ ilẹ̀ wò. Mo rí ekòló, mi ò rí ọ̀rá. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún.

Ọ̀rá yìí wọ́n. Ọdún mìíràn wà tó jẹ́ pé díẹ̀ ni apá mi ká, koríko gbígbẹ ni mo fi ń bo ìyókù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò dá ilẹ̀ padà fún mi, èmi náà kò sì tọrọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gba èyí tí mo wà lórí rẹ̀ báyìí náà, màá wá òmíràn, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rá.