Táyà Kọ́ Ni Mí

Ìwọ tó ò ń ka èyí, ṣé o fọkàn tán ọwọ́ òsì rẹ? Má tíì dáhùn. Èmi náà fọkàn tán tèmi títí mo fi jáde ilé ìwé lọ́dún yìí, pẹ̀lú máàkì tí mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Sunday kan ló bẹ̀rẹ̀, ní Veddel, ní Hamburg níbi tí à ń gbé. Mo ti pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìṣe mi, mo wá sáré gun àtẹ̀gùn bí ẹni tí ajá ń lé. Bàbá àgbà ìjọ wa ni mo kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn. Irọ́ ni. Ojú mi ló ṣú, mo ṣubú ni. Wọ́n ní Bàbá gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n ní, "Ó tó, ọmọ mi, dìde." Mi ò dìde. Bàbá tún fi àdúrà kún un. Ìyá kan ní, "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé! Àwọn tiwa, 'Hallo' ni wọ́n ń kí èèyàn!" Ìgbà tí itọ́ ń jáde lẹ́nu mi ni wọ́n tó rí i pé ẹ̀kọ́ ilé yìí ti pọ̀ jù. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n máa yìn mí láyé mi, mi ò sí ńbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Hausarzt, dókítà ìdílé wa, gbọ́ àyà mi. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Agbára ẹ̀jẹ̀ tọwọ́ ọ̀tún ju tòsì lọ dáadáa. Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn náà mo fura sí ọwọ́ òsì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, bóyá ó ti ń bínú.

Ó kọ Überweisung, ìwé tó máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn, fún wa, ó di Berlin. Ilé ẹ̀gbọ́n Màmá mi ní Wedding, àdúgbò kan níbẹ̀, la dé sí. Ní ọsibítù, wọ́n fi nǹkan tútù kun àyà mi, wọ́n ń wo ọkàn mi lójú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún tì mí bọ inú ihò ẹ̀rọ ayàwòrán MRT tó ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀.

Dókítà tó jókòó tì wá lẹ́yìn náà tó Màmá mi lọ́jọ́ orí, "Sie" ló sì ń pè mí. Ara fu mí. Àgbàlagbà tó bá ń fi "ẹ̀yin" bá irú mi sọ̀rọ̀, ó ní nǹkan tó ń wá.

Ó ya àwòrán. "Ilẹ̀kùn ẹnu ọkàn yín kò ní àléébù kankan. Òkè rẹ̀ díẹ̀ ni ìṣòro wà. Òpó ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde fún pọ̀ níbẹ̀. Bí omi inú họ́ọ̀sì tí èèyàn tẹ̀ lẹ́nu ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú jáde, apá ọ̀tún ló sì dojú kọ. Wọ́n bí i mọ́ yín ni. Tí a bá fi sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ẹ lè ṣubú kẹ́ ẹ má dìde mọ́."

"Kí lẹ máa wá ṣe sí i?"

"A máa fi Patch sí i."

Mo wo Màmá mi, Màmá mi wò mí. Nílé wa, fọganáísà nìkan ló ń ṣe patch.

"Ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́?" ni Màmá mi bi mí.

"Ẹ̀n, Mà."

"Bíi táyà?"

"Bíi táyà, Mà."

"Táyà tí a lẹ̀ ní Ṣágámù lọ́jọ́sí, ṣé ó dé Ìbàdàn?"

"Kò dé, Mà."

"Ó dáa. Dìde, ká máa lọ."

Ṣùgbọ́n Einwilligung, ìwé pé a gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ti wà lórí tábìlì, mo sì ti pé méjìdínlógún. Èmi, tí mi ò tíì dá ra bàtà rí, èmi nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Mo ṣojú bí ọlọ́gbọ́n, mo bi dókítà pé kí ni wọ́n fi ṣe Patch ọ̀hún. Ó ní awọ tó bo ọkàn màlúù ni, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá mi pariwo, "Pọ̀nmọ́?"

Dókítà ní kí ni wọ́n sọ. Mo ní wọ́n ní ó dáa.

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú bébà jáde, ó là á láàárín, ó ki bébà mìíràn sójú ibi tó là. "A ò bo ihò kankan. Ibi tó fún la máa là, ká rán Patch sáàárín kó lè fẹ̀. Ẹ̀rọ kan á máa bá ọkàn ṣiṣẹ́ títí a ó fi parí."

Màmá mi gba bébà náà, wọ́n yí i síwá, yí i sẹ́yìn. Aṣọ ni wọ́n ń tún ṣe jẹun ní Hamburg.

"Olódo! Ta ló sọ pé ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́? Ó fẹ́ tú u, kó fi kún un ni! Ṣòkòtò tó fún ọ nídìí, kí ni mo ṣe sí i?"

"Ẹ tú u, ẹ fi aṣọ kún un."

"Ṣé ó já?"

"Kò já, Mà."

Wọ́n kọjú sí dókítà, wọ́n bi í bóyá òwú rẹ̀ dára. "Faden gut?"

"Sehr gut," ni dókítà wí, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní òwú náà dára gan-an, kì í jẹrà.

"Ó mọ iṣẹ́," ni Màmá mi wí.

Bí wọ́n ṣe tètè gbà yẹn, ara tún fu mí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n wọ báàlùwẹ̀ ní Wedding, wọ́n ṣí omi sílẹ̀ gbàgà. Màmá mi tí kì í fi omi ṣòfò! Mo fetí sẹ́nu ọ̀nà bí olè. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀rù ń bà wọ́n tó tèmi, síbẹ̀ wọ́n gbà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo fọwọ́ sí ìwé náà. Orúkọ mi gan-an ni mo kọ ní àkọtì.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti pé, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń tẹ èyí sínú fóònù, nínú aṣọ ọsibítù tó ṣí lẹ́yìn. Màmá mi ti yẹ etí aṣọ náà wò, wọ́n ní ìránkúràn ni. Ohun kan ṣì wà tó ń fu mí lára. Dókítà yẹn ní "a máa rán an". Kò sọ pé "mo máa rán an". Ta wá gan-an ló fẹ́ di abẹ́rẹ́ mú? Tó bá tún yọjú, mo máa bi í léèrè bóyá...

"So, kommen Sie, wir fahren!" Nọ́ọ̀sì ti di bẹ́ẹ̀dì mi mú.

"Kó fóònù yẹn wá," ni Màmá mi wí. "Wọ́n ní ká máa lọ."